Ìjà Tí Mo Fẹ́ Là

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bí mo ṣe rí físà gbà, àti pápákọ̀ òfuurufú tí mo ti sùn lórí àga, kó dárí jì mí. Kò sí ìtàn níbẹ̀. Ọkọ̀ gbé mi, ó sì sọ̀ mí kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni ti Rafíìkì, ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní nílùú Houston, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti òun nígbà tí ogun ń jà nílé rẹ̀, tí gbogbo ayé ń wòye bóyá bọ́ǹbù tí í run ìlú lódindi ni yóò kẹ́yìn rẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Ìyá Ìyanu, ìyàwó mi, ló ṣáájú mi débí. Nọ́ọ̀sì ni. Ilé tó gbà wà ní Richmond, lẹ́yìn odi Houston, níbi tí àwọn ilé tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà, tí gbogbo wọn wọ aṣọ kan náà. Àwọn èèyàn ti fi òtútù dẹ́rù bà mí kí n tó kúrò nílé. Òtútù wo? Oòrùn Houston àti ti Ṣakí, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé kò sí èèyàn níta. Mo jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rìn dé ìkángun àdúgbò, n kò rí ẹni tí mo lè kí. Ọkọ̀ kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, obìnrin kan yọjú, ó béèrè bóyá ara mi yá, bóyá kí òun bá mi pe ẹnì kan. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ rìn, nǹkan ti ṣe é.

Olùkọ́ ni mí ní Ṣakí. Bí mo bá ń ti iléèwé bọ̀ wálé, ìkíni nìkan lè gba wákàtí kan lọ́wọ́ mi. Mo máa ń ráhùn nígbà náà pé wọn kì í jẹ́ kí n tètè délé. Ní Richmond, mo ń tètè délé.

Ilé-iṣẹ́ ìfọṣọ ni mo ti ríṣẹ́. Ẹ má rò pé ti ẹ̀gbẹ́ títì ni. Aṣọ àwọn ilé ìwòsàn ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ńlá kó wá fún wa. Ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ló ń lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn, ọwọ́ èèyàn ló ń ká a, ẹni méjì sì ní í ká a. Ẹ ó di igun mú lọ́tùn-ún lósì, ẹ ó fà á kó le, ẹ ó gbọ̀n ọ́n, ẹ ó wá rìn pàdé ara yín. Ẹ ó padà sẹ́yìn, ẹ ó tún pàdé. Ẹni tí ẹ bá jọ ń ká aṣọ, ojú rẹ̀ lẹ ó máa wò látàárọ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá wa, ọmọbìnrin kan tí mo lè bí, fi orúkọ àbísọ mi pè mí láàárín ilé-iṣẹ́. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, kò sí ẹni tó fi orúkọ yẹn pè mí gbọnrangandan bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo wẹ̀yìn bóyá ọmọdé kan ló ń pè. Bùláńkẹ́ẹ̀tì tí mo ká sì dà bí ẹrù ẹni tó ń sá kúrò nílùú. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wá láti tábìlì kejì, ó di igun kejì mú, ó ní, "Ojú mi ni kó o máa wò, má wo aṣọ." Rafíìkì nìyẹn. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, èmi àti ẹ̀ ti ń ká a bí ẹni ń jó. Nígbà tí ọ̀gá ní kí n máa wà nídìí tábìlì ìkáṣọ títí lọ, mo pe Ìyá Ìyanu lórí fóònù bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Ọmọ Pakísítáànì ni Rafíìkì, láti ìlú Lahore. Ilé rẹ̀ kò jìn sí tiwa, mo sì máa ń lọ bá a jókòó nílé ìdáná rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Òun ló ń fi mọ́tò gbé mi lọ síbi iṣẹ́, nítorí ọwọ́ mi kò tíì balẹ̀ lórí àwọn freeway wọn, òpópónà ńlá tí ọkọ̀ ti ń sáré bí ìjì. Láràárọ̀, bí a bá ti gun ojú títì, yóò pe ìyá rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ̀ lọ́hùn-ún nígbà náà. Ohùn ìyá arúgbó náà yóò gba inú mọ́tò kan, yóò máa ṣàdúrà, kò ní dánu dúró. N kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kì í dá àdúrà ìyá mọ̀? Mo máa ń ṣe àmín. Rafíìkì á rẹ́rìn-ín, á ní ìyá òun ti ń béèrè ta ni bàbá tó ń dáhùn nínú mọ́tò yìí.

Ẹnì kẹta wa nídìí tábìlì ni Harjit, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí í wé láwàní, ọmọ Íńdíà, láti ìlú Amritsar. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ kékeré ṣì wà nílé. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo gbọ́ tí òun àti Rafíìkì ń sọ èdè kan náà. Rafíìkì ní ìlú àwọn méjèèjì kò jìnnà síra, pé ààlà ni wọ́n fà sí àárín wọn kí wọ́n tó bí àwọn. Mo ní ó yé mi. Èèyàn ìyá mi ń bẹ ní Sábẹ̀ẹ́, ní Bẹ̀nẹ̀, Yorùbá bíi tiwa ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣubú, Faransé ni wọ́n fi ń ké. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ rẹ́rìn-ín. Harjit kì í pe Rafíìkì lórúkọ. "Àbúrò bàbá mi" ló ń pè é ní èdè wọn.

Ìgbà tó yá ni ogun bẹ̀rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ta ló kọ́kọ́ na ẹnìkejì? Èmi kò ní dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tẹlifíṣọ̀n yàrá ìjẹun wa, tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù nìkan ló ń fi hàn tẹ́lẹ̀, di ti ogun. Àwọn onímọ̀ á fi àwòrán ilẹ̀ hàn, wọ́n á fa òbìrìkìtì yí ìlú ká, pé ibi tí iná bọ́ǹbù máa dé nìyẹn. Wọ́n ní àwọn méjèèjì ló ní bọ́ǹbù átọ́míìkì. Wọ́n ní kì í ṣe pé ẹnì kan dìídì fẹ́ lò ó ló ń bani lẹ́rù. Ohun tó ń bani lẹ́rù ni pé bí eléyìí bá gbáni létí, tọ̀hún á fi ẹ̀ṣẹ́ dáhùn kí wọ́n má baà pè é ní ojo, eléyìí á sì mú igi, títí ọwọ́ ẹnì kan á fi kan ohun tí kò ṣeé dá padà. Mo wo òbìrìkìtì tí wọ́n fà yí Lahore ká. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlú Harjit. Afẹ́fẹ́ kì í dúró fi ìwé hàn lẹ́nubodè.

Inú mọ́tò wa wá pa rọ́rọ́ láràárọ̀. Nígbà mìíràn fóònù ìyá Rafíìkì kì í lọ. Á pè, á tún un pè, á gbé fóònù sórí itan, á gbá ọwọ́ mọ́ ìdarí ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ṣakí. Ó ti gbọ́ lórí rédíò.

"Bọ́ǹbù yẹn ò ní dé ọ̀dọ̀ yín?"

Mo ní kò lè dé ibí.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ àwọn alágbára, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n là wọ́n."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní a ti gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Lójú ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó bá ti wà ní Amẹ́ríkà ń bá àwọn tó ni ayé jókòó. Èmi tí aládùúgbò mi gan-an kò mọ orúkọ mi. Kò sí ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ó sì ti pẹ́ gan-an tí mo ti ń fẹ́ kí ẹnì kan béèrè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ń jẹun lọ́wọ́, tẹlifíṣọ̀n ní nǹkan ti bú nítòsí Lahore. Rafíìkì dìde. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Bí wọ́n bá fọwọ́ kan ìyá mi, àwa náà ní bọ́ǹbù. Kí gbogbo ẹ̀ jóná."

Harjit kò gbé orí sókè nínú oúnjẹ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jù ú. Tiwa náà wà nílẹ̀."

Àwọn méjì tí wọ́n ti ń rìn pàdé ara wọn láti ọjọ́ yìí pẹ̀lú aṣọ aláìsàn lọ́wọ́ ń ṣèlérí eérú fún ara wọn. Nígbà tí a padà sídìí iṣẹ́, Harjit di igun aṣọ mú, Rafíìkì yí ẹ̀yìn sí i. Ọ̀gá yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó ní bí òun bá tún gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn, àwọn méjèèjì ló ń lọ.

Èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀. Mo sọ fún Ìyá Ìyanu pé mo fẹ́ là wọ́n.

"Bàbá Ìyanu, ibí kì í ṣe Ṣakí. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀." Mo lanu. Ó ní, "Ẹ má pa òwe kankan fún mi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń là á nílé wa. Bàbá mi ni olórí agbolé. Bí ọmọ wa bá bá ọmọ agbolé mìíràn jà, tí wọ́n pé jọ, Bàbá kì í wá ẹni tó jẹ̀bi. Ọmọ tiwa ló máa kọjú sí. Yóò bá a wí, yóò bá a wí, títí àánú rẹ̀ á fi ṣe àwọn tó wá fẹjọ́ sùn pàápàá. Àgbà tiwọn á dìde, á ní, "Bàbá, ó tó gẹ́ẹ́. Tiwa náà ò mẹ́nu dákẹ́." Á wá kọjú sí ọmọ tirẹ̀. Kí ẹ tó mọ̀, kálukú ti ń bá ti ilé ara rẹ̀ wí, ìjà ti tán. Ẹni tí wọ́n bá wí kì í bínú. Ó mọ̀ pé ọmọ ẹni là ń bá wí, a kì í bá ọmọ ọlọ́mọ wí. Láti kékeré ni mo ti ń wo èyí, mo sì gbà pé bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Mo ra mínírà mẹ́ta. Mo pe àwọn méjèèjì jáde sẹ́yìn ilé, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń já ẹrù. Àwọn tó ń já ẹrù rọra sún mọ́ wa, nítorí ta ni kì í fẹ́ wòran? Mo fún àwọn méjèèjì ní mínírà. Mo kọjú sí Rafíìkì, nítorí òun ni tèmi.

Mo ní, "Rafíìkì, ìwọ ni mo máa bá wí. Ìwọ lo dàgbà. Ọ̀rọ̀ tó o sọ, ẹni tó ní ìyá kì í sọ ọ́. Ojú yẹ kó tì ẹ́. Bẹ ọmọ yìí."

Mo wo Harjit. Ó kù kó ní, "Rárá, bàbá, èmi náà ṣẹ̀." Mo dúró dè é.

Harjit mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ ṣeun, sà," ló wí. Ó wá yíjú sí àwọn òǹwòran. "Ṣé ẹ gbọ́? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gan-an mọ̀ pé ọkùnrin yìí ló jẹ̀bi."

Ẹnì kan súfèé. Mo ṣì ń dúró, bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àga tí wọ́n ti gbé kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

Rafíìkì gbé mínírà rẹ̀ sílẹ̀, kò tíì ṣí i. Kò pariwo.

"Ìyá mi tí ò ń ṣe àmín sí àdúrà rẹ̀, òun ni wọ́n ń ju bọ́ǹbù sí. Èmi lo wá kó èèyàn jọ bá wí."

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé torí pé tèmi ni ọ́ ni mo ṣe dójú tì ọ́. Bí mo ṣe gbọ́ ọ létí ara mi, ó ń rùn. Rafíìkì ti wọlé lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró lẹ́bàá títì pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ mi títí oòrùn fi gun orí òrùlé. Kò sí mọ́tò. Ìyá Ìyanu, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé, tún gbé mi lọ. Ojú oorun ló fi ń wakọ̀. Kò sọ pé ṣebí òun ti wí. Ká ní ó sọ ọ́ ni, ara ì bá tù mí. Nígbà tí a débẹ̀, Rafíìkì kí mi, "Good morning, sir," bó ṣe ń kí ọ̀gá.

Láti ọjọ́ náà, kò ṣẹ́jú sí ibi tí mo wà. Mo gbájú mọ́ iṣẹ́. Mo ń ká aṣọ pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tó fi nǹkan orin dí etí méjèèjì. Mo ti wà láìlẹ́nìkan ní Houston kí n tó mọ Rafíìkì, mo sì rò pé mo mọ bó ṣe ń rí. N kò mọ̀ ọ́n. Èyí tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà yàtọ̀.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó tún pè. Mo rò pé yóò gbè mí, pé yóò ní àwọn èèyàn náà ni kò mọ àṣà. Ìbéèrè ló fi dá mi lóhùn.

"Ṣé o kọ́kọ́ lọ bá a nílé?"

"Ta ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ọ̀rẹ́ ẹ. Kó o tó bá a wí ní gbangba."

Mo ní rárá.

"Háà, ọmọ ìyá mi. Ìwọ lo kéré jù, ìran nìkan lò ń wò. Èmi ni mo máa ń gbé àtùpà fún Bàbá. Bí wọ́n bá fẹ́ parí ìjà lọ́la, Bàbá á wọlé tọ ọmọ náà lọ lónìí. Á jókòó tì í lórí ẹní. Á ní, 'Mo mọ ohun tí wọ́n ṣe fún ẹ. Lọ́la mo máa bú ẹ lójú wọn. Bá mi fara dà á.' Ẹni tí wọ́n máa bá wí á ti sunkún ẹ̀ tán kí ilẹ̀ tó mọ́."

Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń fi Bàbá yangàn, n kò sì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìdajì àṣà ni mo gbé sọdá òkun, ìdajì tó ní ariwo. Bóyá bí gbogbo wa níbí ṣe ń ṣe é nìyẹn: ohun tí a rí lójú ni a dì sínú àpótí, ohun tí àwọn àgbà ń ṣe ní kọ̀rọ̀ kò bá wa wọkọ̀.

Lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n kéde pé ogun dáwọ́ dúró. Onímọ̀ kan lórí tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo ìgbà tí àwọn méjèèjì ń halẹ̀ níta, àwọn alárinà láti ilẹ̀ mìíràn ń pè wọ́n lórí fóònù ní kọ̀rọ̀, wọ́n ń bá tọ̀tún-tòsì sọ ohun tí kò ṣeé sọ ní gbangba. Àwọn tó wà nídìí oúnjẹ kò kà á sí. Èmi ni mo gbé ṣíbí sílẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Harjit nìkan ló ń bá bùláńkẹ́ẹ̀tì ńlá kan jìjàkadì. Rafíìkì kúrò ní tábìlì tirẹ̀, ó lọ di igun kejì mú. Wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n pàdé, wọ́n padà sẹ́yìn. Ní ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n pàdé, Harjit sọ nǹkan kan ní èdè wọn, mo sì gbọ́ orúkọ tó fi ń pe àbúrò bàbá nínú rẹ̀. Rafíìkì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Inú mi dùn. Ojú sì tún tì mí pé inú mi kò dùn tó bó ṣe yẹ, nítorí ìjà tí mo fẹ́ là ti tán láìsí mi níbẹ̀.

Ní Sátidé, mo ní kí Ìyá Ìyanu gbé mi dé ilé Rafíìkì. Ó ní òun á dúró dè mí nínú mọ́tò. Rafíìkì fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó mú mi lọ sí pálọ̀, ó fi àga tó dára jù hàn mí. Ìyàwó rẹ̀ gbé tíì wá nínú ife tó ní etí wúrà, ó kí mi, ó wọlé padà. Rafíìkì jókòó ṣánṣán. Ó béèrè iléèwé Ìyanu. Ó ní ooru ọdún yìí pọ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ti Bàbá, mo sọ ti ẹní àti àtùpà, mo ní ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí. Mo dìde láti dọ̀bálẹ̀. Ó yára di èjìká mi mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jù mí lọ. Kò sí nǹkan kan láàárín wa."

Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì dájú pé kò parọ́. Mo bi í léèrè ara ìyá rẹ̀. Ó ní ó le, ó dúpẹ́.

Mo mu tíì náà tán. Ó sìn mí jáde, ó bá mi dé ìdí mọ́tò, ó ṣílẹ̀kùn fún mi, ó tẹrí ba kí Ìyá Ìyanu. Ó dúró lẹ́bàá títì, ó ń juwọ́ títí a fi yà.

Inú Ìyá Ìyanu dùn. Ó ní, "Ẹ ò rí i? Ó ti tán. Ẹ wo bó ṣe sìn yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti tán. N kò sọ fún un pé bí mo bá ń kúrò nílé Rafíìkì tẹ́lẹ̀, kì í dìde. Á wà níbi tó jókòó sí nílé ìdáná, á pariwo tẹ̀ lé mi pé kí n rántí fa ilẹ̀kùn dé.